Oògùn Ni Mo Kọ́kọ́ Yàn

Ìbínú ni Balkis fi pàdé ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan tó wà lórí fóònù ní òkè òkun ló mú un bínú.

Ìsọ̀ Àǹtí Sìmbíátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló wà lọ́jọ́ náà ní Sama Road, níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò, tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà ìwé fún àwọn ará yunifásítì. Ó fi ìka di etí kan kí ariwo kẹ̀kẹ́ Màrúwá má baà dí i lọ́wọ́, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì fọhùn.

"Mo gbọ́ yín, mà. Ẹ lè gba ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ ò lè gba ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Bí ènìyàn bá ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ṣé kókó inú ara rẹ̀ máa ń kó ẹrù rẹ̀ jáde ni?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Balkis pa fóònù tó sì yíjú padà, ó rí ọkùnrin gíga kan tó kó ìbéèrè ìdánwò dání.

"Me ya ba ka dariya?" Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín ni Balkis fi èdè Hausa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yi haƙuri," ni ọkùnrin náà fi Hausa àkọ́ọ̀kọ́tán bẹ̀bẹ̀. Ó wo Àǹtí Sìmbíátù lójú, ó rí ilà ojú rẹ̀, ó sì bọ́ sórí Yorùbá. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn ló dára. Kí ni wọ́n fi dá yín lóhùn?"

"Wọ́n ní kí n lọ máa dúró."

"Mallam, ẹ̀dà mélòó lẹ fẹ́?" Àǹtí Sìmbíátù ti ń tan ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ jókòó. Balkis, fa ága fún wọn."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Ọlábíyìí ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Mùsùlùmí, olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ilẹ̀ oko. Kò tíì pẹ́ tó dé Sókótó. Balkis ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá láti Ìlọrin, tó kọ́lé sí Kofar Kware, tó sì di ọmọ ìlú náà pátápátá. Yorùbá Ìlọrin ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Hausa níta, bí Balkis bá sì ń ná ọjà, kò sí oníṣòwò tó lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ Hausa.

Àrùn tó ń bá a jà, orúkọ rẹ̀ gùn débi pé àwọn dókítà fúnra wọn máa ń gé e kúrú sí NF. Inú ìdílé ló ti wá. Bàbá rẹ̀, Alhaji Mùhyídéènì, ní in; Àǹtí Sìmbíátù náà ní in. Láti ìkókó ni àwọn àmì pẹlẹbẹ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti wà lára Balkis. Nígbà tó bàlágà, àwọn kókó kéékèèké sú sí i lápá àti lẹ́yìn. Ìwọ̀nyí kò dùn ún. Èyí tó ń dùn ún ni ọ̀kan ńlá tó fara sin sínú itan òsì, tó lọ́ mọ́ àwọn iṣan bí ìtàkùn ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé e rí, ó tún hù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè dà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan bí wọn kò bá máa ṣọ́ ọ.

Híjáàbù gígùn kì í jẹ́ kí ará Sókótó bi í ní nǹkan kan. Kò sì sunkún kiri. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Arkilla; lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá tíì ní ìdáhùn, a kò tíì ṣe é dé ìparí ni. Dókítà Indo, ọmọ Hausa tó ń tọ́jú rẹ̀, ló fi ojúlé kan hàn án lórí ayélujára, níbi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ìwádìí oògùn tuntun tó ń lọ lágbàáyé sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni Balkis ti ń ya ibẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni ya ilé ọ̀rẹ́.

Ìwé tí Ọlábíyìí ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kò wá lópin mọ́. Bó ṣe ṣe tán lónìí, yóò tún dé lọ́tùn-únla.

"Mallam Ọlábíyìí," ni Àǹtí Sìmbíátù wí, "ṣé gbogbo Sókótó lẹ ń kọ́ níwèé ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi Balkis pé kí ló ń wá lórí fóònù tó máa ń mú un fajú ro bẹ́ẹ̀. Balkis rò pé bí òun bá ṣàlàyé, yóò sú u.

"Ìwádìí oògùn ni," ó ní. "Ó dà bí wíwá ilé rẹ́ǹtì. Èyí tó wù mí, wọ́n ní ọmọdé nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Èyí tó gba àgbà, ó ní dandan kó o jẹ́ ọmọ ìlú wọn. Èyí tó gba ọmọ ìlú mìíràn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kí n tó dé."

Kò sú u. Ó fa ága mọ́ tábìlì. "Fi hàn mí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àǹtí Sìmbíátù nítòsí, wọ́n ń ka ìlànà ìwádìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Balkis kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ṣì ń gba ènìyàn, àti èyí tí wọ́n ti parí tí wọ́n gbàgbé sórí ayélujára. Òun náà kọ́ Balkis bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kì í fèsì, títí wọn yóò fi fèsì. Wọ́n jọ máa ń jiyàn. Nígbà tó yá, bí Ọlábíyìí bá pẹ́ díẹ̀, Balkis a máa gbójú sókè sí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Lọ́jọ́ kan, kí ọ̀rọ̀ tó di ohun tí kò ní lè fà sẹ́yìn, ó ká ọwọ́ híjáàbù rẹ̀ sókè.

"Ẹ ti ń ka orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ẹ wo ojú rẹ̀."

Ọlábíyìí wo apá náà.

"Bí mo bá bímọ," Balkis ń bá a lọ, "ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá sọ kọ́bọ̀ sókè ni. Orí tàbí ìrù. Kì í ṣe pé bí èkíní bá ní in, èkejì bọ́. A tún máa sọ ọ́ lákọ̀tun ni."

"Mo ti gbọ́," ni Ọlábíyìí wí. Ó kó ìwé rẹ̀, ó kí Àǹtí, ó sì lọ.

Kò wá lọ́tùn-únla. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Balkis kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìṣirò, ó bú wọn nígbà tí kò yẹ, ó tún bẹ̀ wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Àǹtí Sìmbíátù gbé ága kejì kúrò nídìí tábìlì kí Balkis má baà máa wò ó.

Nígbà tí Ọlábíyìí padà dé, kò kó ìwé kankan lọ́wọ́.

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní lórí ìdúró. "N kò ní parọ́ fún ọ pé iṣẹ́ ló gbà mí. Mo lọ yẹ ilẹ̀ wò ní Wurno lóòótọ́, àmọ́ mo ti dé tipẹ́. Mo jókòó sílé, mo bi ara mi bóyá mo lè rí kókó yẹn lára ọmọ mi kí n má sì wò ọ́ bí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè."

"Kí lẹ wá rí?"

"Mo rí i pé mi ò lè ṣèlérí pé ẹ̀rù kò ní bà mí mọ́. Àmọ́ ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí mo rò pé mo lè má rí ọ mọ́ ló pọ̀ jù."

Balkis bojú wo ìta. "Àǹtí," ó ní, "ẹ ò bá gbé ága yẹn padà."

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n rí ìwádìí Káírò. Ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀ wà lára àwọn tó ń dán oògùn tuntun kan wò fún àgbàlagbà tó ní irú kókó tó wà nítan Balkis, wọ́n sì ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tó ni oògùn ni yóò ru ìnáwó ìrìnàjò. Dókítà Indo ka gbogbo ìlànà rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì lójú.

"Madalla! Èyí bá ọ mu. Àmọ́ gbọ́ o, Balkis. Ní ọdún kìíní, wọ́n máa pín yín sí méjì. Àwọn kan á máa lo oògùn, àwọn kan á máa lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìwọ kò ní mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, dókítà ibẹ̀ náà kò ní mọ̀. Ọdún kejì ni gbogbo yín tó máa lo oògùn gidi. Jálẹ̀ ọdún méjèèjì, o kò gbọdọ̀ lóyún. Oògùn náà lè pa ọmọ inú lára."

Nígbà tí wọ́n jáde, Ọlábíyìí ní òun fẹ́ rán Àǹtí Sìmbíátù sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ohun tí Dókítà wí àbí ẹ ò gbọ́?" ni Balkis béèrè. "Ọdún méjì láìsí ọmọ. Ìyàwó tuntun."

"Mo gbọ́. Ṣé o gba kí n rán wọn?"

"Ẹ rán wọn," ni Balkis wí.

Alhaji Mùhyídéènì kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Inú pálọ̀ Kofar Kware ni wọ́n wà. Láwàní rẹ̀ wà lórí bó ṣe máa ń wà nígbà gbogbo, ó bo orí, ó bo etí, ó bo ọrùn, nítorí ibẹ̀ ni kókó pọ̀ sí lára rẹ̀. Balkis dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Sìmbíátù! Nínú gbogbo ènìyàn, ìwọ lo wá ń ṣe alárinà? Ta ló lọ kó ẹrù rẹ ní Ìlọrin lọ́jọ́ tí wọ́n ní kókó ara rẹ yóò ba ìran àwọn jẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

"Ọkùnrin yẹn náà fẹ́ràn rẹ. Ó sunkún lójú mi. Ó sì dá ọ padà. Haba! Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí yóò dá a padà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò sọ rí. Ọkọ tó dá mi padà kò ba ayé mi jẹ́. Ẹ̀yin gbé mi wá sílé, ẹ tì mí mọ́lé kí ènìyàn má baà tún wò mí ní ìwòkuwò, ìyẹn ló fẹ́ bà á jẹ́. Ìgbà tí mo ṣí ìsọ̀ Sama Road ni mo tó mọ̀ pé mo wà láàyè. Ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ yìí nítorí ohun tí wọ́n fi èmi ṣe."

Ohùn Alhaji wálẹ̀. "Èmi ni mo fi ràn án, Sìmbíátù. Gbogbo ìgbà tó bá di itan mú, bí ẹni pé èmi ló ń dá lẹ́bi."

Balkis kò lè dúró mọ́. Ó wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. "Mi ò dá yín lẹ́bi rí, Bàbá. Àti kókó, àti orí ìṣirò, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kó méjèèjì. Ṣé kí n dá orí ìṣirò padà ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu bàbá, ó gbé e mì. "Rárá ni mo wí," ó ní, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Ọlábíyìí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì wá sí Sókótó fúnra rẹ̀.

"Àwọn àgbà ti sọ ọ́," ó ní fún ọmọ rẹ̀. "Ohun tí o ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò rẹ ló wà. Ṣé kò sí ọmọbìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

"Màmá, mo ti yẹ àpò ṣòkòtò náà wò dáadáa. Kò sí níbẹ̀."

Ìyá ní kó fi òun àti ọmọbìnrin náà sílẹ̀. Balkis kúnlẹ̀ láti kí i, itan sì gún un débi pé ó fi ọwọ́ tilẹ̀. Ìyá tètè gbá a lápá mú.

"Dìde, dìde. Jókòó sórí ága." Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Balkis, mi ò kórìíra rẹ. Mo ti fẹ́ràn ẹnu rẹ lórí fóònù kí n tó rí ojú rẹ. Àmọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: kí ẹ ṣe ìgbéyàwó, kí o fún mi lọ́mọ kan, kí o tó lọ gba oògùn. Mo lè fara mọ́ ìyẹn. Ọmọ kan péré."

Ó fi ìfẹ́ sọ ọ́, ìyẹn ló mú un nira. Balkis ronú sí i lóòótọ́. Ó rí ara rẹ̀ nílé ọkọ, gbogbo ènìyàn ní ẹ̀rín lẹ́nu. Ó sì rí ohun tó wà nítan rẹ̀ tó ń hù lọ, tí ilẹ̀kùn Káírò sì ń tì.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi lójú. Ìwádìí yìí kò ní dúró dè mí. Bí kókó yìí bá dá mi dúbúlẹ̀, ta ni yóò tọ́ ọmọ tí mo bá bí fún yín? Oògùn ni mo kọ́kọ́ yàn."

"Ṣáájú ọmọ mi?"

"Kí ọmọ yín lè rí ìyàwó tó ń rìn, mà."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó padà sílé láì sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Balkis sọ ohun kan náà fún Ọlábíyìí, ó tún fi kún un pé òun kò ní kó dúró de òun. Ọlábíyìí fetí sí i títí ó fi parí.

"Mi ò ní gbé ọ níyàwó lẹ́yìn ìyá mi, n kò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. Máa lọ gba oògùn rẹ. Ibi tí o bá mi ni wàá bá mi."

Alhaji Mùhyídéènì ló bá ọmọ rẹ̀ lọ sí Káírò, nítorí kò gbà kó dá lọ. Àyẹ̀wò pọ̀: ẹ̀jẹ̀, ọkàn, ojú, àti àwòrán inú itan lórí ẹ̀rọ MRI. Nígbà tí Balkis wà nínú ẹ̀rọ, bàbá rẹ̀ jókòó sí gbọ̀ngàn ìdúró, ó sì gbójú sókè.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ ló ní kókó bíi tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní in lójú, ó ń jẹ súwítì. Obìnrin kan ní in lọ́rùn, ó sì fi ẹ̀gbà góòlù sí i. Kò sí ẹni tó ń bojú. Ní gbogbo ayé Alhaji, òun àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti rí i lára wọn. Ooru mú un. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tú láwàní rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e lé itan.

Baba arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kókó ti bo iwájú orí rẹ̀, mi orí sí i. Ìyàwó baba náà bu tíì fún Alhaji. Lárúbáwá ilé-kéwú ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ti pẹ́ pa pọ̀?" ó béèrè.

"Láti ìgbà èwe," ni obìnrin náà dáhùn.

"Eléyìí kò dí yín lọ́wọ́?" Alhaji fọwọ́ kan orí ara rẹ̀.

"Kókó rẹ̀? Kò dí mi lọ́wọ́. Ìhanrun rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kò sì tètè dá. Bí Balkis ṣe jáde tó rí bàbá rẹ̀ láìsí láwàní lórí láàrin àwọn ènìyàn, ó rò pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀. Orí fóònù ló gbọ́ ọ tó ti ń sọ̀rọ̀:

"Ọlábíyìí. Ṣé o ṣì ń béèrè?... To. Mú àwọn ènìyàn rẹ wá."

Wọ́n gba Balkis sínú ìwádìí náà. Kò ní ju kó máa padà lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò, Dókítà Indo ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Sókótó. Kí wọ́n tó kúrò ní Káírò, nọ́ńbà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ pè é.

"Èmi ni, ìyá Ọlábíyìí. Mo lọ bá dókítà kan níhìn-ín. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé mo jàre. Ó ní bí a bá kó àwọn tó ní àrùn yìí jọ, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò sí ẹni tó ní in rí nínú ìdílé wọn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ lára wọn ni. Ó ní ọmọ tèmi pàápàá, ì bá ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Balkis, bí ó bá jẹ́ pé kò sí ilé tí kò lè kàn, kí ni mo wá ń sá fún?"

"Màmá..."

"Má bẹ̀ mí. Ṣé o ti lo oògùn tòní?"

"Mo ti lò ó, mà."

"Ó dáa. À ń bọ̀ wá tọrọ rẹ."

Wọ́n so yìgì ní mọ́sálásí Kofar Kware lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n pín dàbínù àti obì góòrò. Alhaji fi fìlà lásán wá síbẹ̀. Nígbà tí tọkọtaya dá wà nílé wọn ní Arkilla, Ọlábíyìí gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé níbí ń dùn ọ́?"

"Rárá. Ìyẹn kì í dùn mí."

"Níbí ńkọ́?" Ọwọ́ náà ti dé itan òsì.

"Ibẹ̀ ń dùn mí. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò."

Ọdún kìíní lọ. Balkis ní ìrora náà ti dín, inú gbogbo wọn dùn. Nígbà tí ọdún náà pé, dókítà Káírò pè wọ́n lórí fídíò: hóró tí kò ní nǹkan kan nínú ni ti Balkis láti ọjọ́ yìí wá.

Ọlábíyìí bínú. "Ọdún kan gbáko! Wọ́n fi ọ́ ṣeré!"

Ojú ti Balkis pé ó ti ń sọ pé òun sàn. Ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lọ́kàn títí di ọjọ́ kejì, nígbà tó dúró níwájú kíláàsì tó fẹ́ ṣe àyọkúrò lójú pátákó. Bó ṣe délé, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Kò sí ẹni tó fi mí ṣeré. Mo fọwọ́ sí i. Bí gbogbo wa bá lo oògùn, ta ni wọn yóò fi wé ta ni? Kí wọ́n tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èmi. Gidi ló bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ bu omi wá."

Oògùn gidi náà fi ara rẹ̀ hàn lóòótọ́. Ó sú oówo sí i lójú, ó sì ń da inú rẹ̀ rú. Ọlábíyìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ mímu tó fúyẹ́ tí àwọn Hausa ń pè ní kòkó tamba, ó jóná lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó mọ̀ ọ́n sè. Àmọ́ kí ọdún kejì tó parí, àwòrán fi hàn pé kókó itan ti súnkì, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ti lọ. Kò tán. Àwọn dókítà kò sọ pé yóò tán. Ṣùgbọ́n Balkis rìn láti ilé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìdi itan mú, ó kọ́ kíláàsì mẹ́ta lórí ìdúró, ó sì tún rìn padà.

Nígbà tí ìwádìí parí, òun àti ọkọ rẹ̀ jókòó pẹ̀lú Dókítà Indo. Wọ́n béèrè gbogbo ohun tó yẹ ní bíbéèrè: bí yóò ṣe pẹ́ tó kí oògùn tó jáde lára, bí kókó ṣe lè tún dàgbà nínú oyún, ọmọ àti ìbéèrè orí tàbí ìrù. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn. Wọ́n délé, wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Ọlábíyìí wí.

"Èmi náà," ni Balkis dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká bí i."

Obìnrin ni wọ́n bí. Ìyá Ọlábíyìí ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí ìrọbí tó mú, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, oòrùn òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àgbàlá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sórí wọn, ó ń fi kànìnkànìn pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn àmì pẹlẹbẹ ti hàn ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọmọ náà, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn.

Balkis ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti rí wọn kí ìyá tó rí wọn.

Ìyá bu omi, ó dà á sórí ọṣẹ títí ara ọmọ fi mọ́. "Ó jọ ìyá rẹ̀," ó ní.

"Mo rí i, Màmá."

"Ò ń sunkún bí?"

"Rárá, mà. Mo mọ ọ̀nà tí a ó gbà."

Ìyá fi aṣọ ìnura wé ọmọ náà, ó gbé e sókè sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbà á, kó mu ọyàn."